A Kì Í Fi Ọwọ́ Òsì Júwe Ilé Baba Ẹni, Àfi ní Indianapolis

Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí o. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ni mo gbé wá lónìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, a kì í fi gba ẹ̀bùn, a kì í fi kí èèyàn. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Indianapolis, òwe yìí kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù Karùn-ún bá ń parí lọ, awakọ̀ 33 á kó sínú ọkọ̀ oníjókòó kan ṣoṣo, ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta gbangba bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé lọ sóde ìyàwó. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí po pápá kan tó rí gbọọrọ, máìlì méjì ààbọ̀ ni ìyípo rẹ̀. Ìgbà 200 ni wọ́n máa yí i. Ìyípo kan ní kọ́nà mẹ́rin, òsì sì ni gbogbo wọn kọjú sí. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: ìgbà 800 ni ọmọ ènìyàn ń yà sí òsì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí táyà bá sì jẹ tán tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, apá òsì náà ni wọ́n ń yà sí.

Máìlì 500 ni gbogbo rẹ̀, bíi kìlómítà 805. Ẹni tó bá fi irú ìrìn yẹn lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, á lọ, á bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn wọ̀nyí rìn ín tán, ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n wà.

Lọ́dún 2025, ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà tí mo ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Mọ́mì dákẹ́ títí, wọ́n ń fi ojú bá wọn yí. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, “Bàbá Ìbejì, kí ni wọ́n gbàgbé síbẹ̀ tí wọ́n fi ń padà wá wò ó?”

N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní, n kò tíì rí i.

Kì í ṣe pé wọn kò yára o. Ọdún 1996 ni Arie Luyendyk, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, yí pápá yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin nígbà ìdánwò ipò, èyí tí wọ́n fi ń pín ipò ìbẹ̀rẹ̀, tí eré rẹ̀ jẹ́ máìlì 236.986 ní wákàtí kan. Ó lé ní kìlómítà 381. Ìyípo kan kò pé ìṣẹ́jú àáyá 38. Bí o bá sín lẹ́ẹ̀mejì, tí aládùúgbò kí ọ, tí o sì dá a lóhùn, ó ti kọjá, ó ti tún ń bọ̀. Ọkọ̀ ọ̀hún pàápàá ń gbè wọ́n lẹ́yìn: táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni wọ́n ń jẹ́ kó tóbi díẹ̀ ju ti òsì lọ, kí ọkọ̀ lè máa fà sí òsì fúnra rẹ̀. Ẹ gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì àdúgbò wa, á mi orí, á ní aláínmẹ́ńtì ti bàjẹ́, á sì gba owó lọ́wọ́ yín.

Ìdíje IndyCar ni mò ń sọ, agbo kan ṣoṣo tó ní ìdílé méjì. Ìdílé kìíní ni mo sọ ní Ará Òbìrìkìtì, àwọn tí kì í yà sí ọ̀tún. Ìdílé kejì ni Ará Ìgboro, àwọn tó ń sé àárín ìlú mọ́ àwọn onílé kí wọ́n lè fi ọkọ̀ dá họ̀ùhọ̀ù sílẹ̀ níwájú báǹkì àti ilé ìtura. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wọn tí kì í bá wọn jà, ìyẹn àwọn pápá kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n dìídì là fún eré ìje. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń gbé kàlẹ́ńdà ọdún tuntun jáde, ńṣe ni àwọn méjì tó kù á ki ojú bọ̀ ọ́ bí ìyàwó ilé tó ń ka ègé ẹran nínú abọ́ orogún rẹ̀. Lọ́dún 2025, ìdíje 17 ló wà. Òbìrìkìtì gba mẹ́fà, Ìgboro gba mẹ́rin, Ẹ̀gbọ́n Kọ́lọkọ̀lọ rọra jókòó síbi kan, ó gba méje. Ará Òbìrìkìtì ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Ará Ìgboro ní àwọn ló ń kó èrò wá, kí ló dé tí mẹ́rin péré fi kan àwọn? Ẹni tó gba méje kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin Ará Ìgboro, mo rí yín bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń sọ ti ọwọ́ òsì. Ó ti kàn yín.

Ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Chris Pook, iṣẹ́ bíbá èèyàn ṣètò ìrìn-àjò ló ń ṣe. Òun ló dédé rò ó pé ìgboro Long Beach ní California á dára fún eré ìje. Ọdún 1975 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a. Formula One wá ń sá a níbẹ̀ láti 1976 títí di 1983, àwọn ọkọ̀ Indy sì gbà á lọ́dún 1984, Mario Andretti ló sì gbégbá orókè. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀nà ọ̀hún. Wọ́n á to kọ̀ǹkéré sí ọ̀tún, wọ́n á tò ó sí òsì, wọ́n á na wáyà lé e lórí, wọ́n á wá gbé wẹ́dà wá kó jó gbogbo ìdérí kòtò ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Ìdí ni pé ọkọ̀ yìí ń fa afẹ́fẹ́ lábẹ́ ara rẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, agbára tó sì fi ń fà á lè gbé irin ńlá fò sókè bí ìdérí ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó. Eré wo ni wọ́n ń pè ní eré tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ de ilẹ̀ mọ́lẹ̀?

Ní St. Petersburg, Florida, ibi tí bàálù ti ń sáré gbéra ni wọ́n fi ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ní São Paulo, lórílẹ̀-èdè Brazil, ọdún 2010, àárín pápá tí wọ́n ti ń jó samba ni wọ́n fi ọ̀nà tààrà gbà. Kọ̀ǹkéré ibẹ̀ dán bí àwo tánganran. Ẹni tó bá wá jó kò níṣòro, ó kúkú fẹ́ yọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ Indy gùn ún lọ́jọ́ Sátidé, ńṣe ni wọ́n ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ti ilé ẹmu bọ̀. Òru ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ha ilẹ̀ náà kó lè di táyà mú, àárọ̀ ọjọ́ Sunday gan-an ni wọ́n tó ṣe ìdánwò ipò.

Èyí tí n kò lè gbàgbé láéláé ni ti Detroit. Detroit! Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ fún gbogbo ayé. Ọdún 2012 ni, ní erékùṣù Belle Isle, ìdíje ń lọ, ni ọ̀dà tí wọ́n fi lẹ ojú ọ̀nà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní ègé-ègé. James Hinchcliffe ṣe kòńgẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ègé náà, ó bá wọ inú táyà. Wọ́n ta àsíá pupa, gbogbo wọn dúró, wọ́n gbé àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà jáde pẹ̀lú nǹkan ìlẹ̀mọ́ lọ́wọ́, wọ́n gé ìdíje náà kúrú, Scott Dixon sì gba ife. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ara mi kọ́kọ́ balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kòtò ojú títì. Àṣé kì í ṣe àwa nìkan.

Ẹ̀yin òǹwòran Ìgboro náà ń kọ́? Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jókòó síwájú kọ́nà kan ṣoṣo. Ọkọ̀ dé, fẹ̀ẹ̀ẹ̀, ó ti lọ. Ẹ tún ń wo ògiri fún ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó padà dé. Ẹ wá délé, ẹ ní ẹ rí ìdíje. Kọ́nà lẹ rí! Ó sàn fún Ará Òbìrìkìtì, ẹni tó jókòó lókè níbẹ̀ ń rí gbogbo pápá bí ẹni ń wo inú àwo. Ìṣòro kan ṣoṣo ibẹ̀ ni pé, bí a bá yọ Indianapolis kúrò, ó ṣòro kí ẹni tó jókòó sókè yẹn tó rí ẹlòmíràn tó máa bá sọ̀rọ̀. Ní Iowa, ilé ìtajà oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Hy-Vee ló náwó sí ìdíje òbìrìkìtì wọn nígbà kan; kí èrò lè wá, ó di dandan kí wọ́n pe olórin. Lọ́dún 2023 wọ́n kó Carrie Underwood, Kenny Chesney, Zac Brown Band àti Ed Sheeran wá. Ẹni tó wá gbọ́ orin ní kí ni ariwo tó ń dun òun létí láàárín orin méjì yẹn.

Nashville ló tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Lọ́dún 2021, wọ́n la ọ̀nà ìgboro tó gba orí afárá odò Cumberland kọjá. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni Marcus Ericsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi imú ọkọ̀ rẹ̀ gun ẹ̀yìn ọkọ̀ Sébastien Bourdais. Ericsson fò sókè bí ẹ̀lúlùú, ó balẹ̀, wọ́n fún un ní imú tuntun, àwọn adájọ́ tún fi ìyà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí, òun ló gba ipò kìíní. Àwọn tí kò fò ńkọ́? Wọ́n ti há sínú kọ́nà, wọ́n to ara wọn jọ bí ọkọ̀ ọ̀sán Ọ̀jọ̀dú. Nígbà tó di ọdún 2024, tí kíkọ́ pápá bọ́ọ̀lù tuntun gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n kó ìdíje náà kúrò nígboro pátápátá, wọ́n gbé e lọ sí òbìrìkìtì tó wà lẹ́yìn ìlú.

Ó ti tó. Ẹ̀yin ìdílé méjèèjì, ẹ jókòó, ká sọ ọ̀rọ̀ ọdún 1996.

Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní CART ló ń darí gbogbo nǹkan, wọ́n ń sá òbìrìkìtì, wọ́n ń sá ìgboro, wọ́n ń sá kọ́lọkọ̀lọ, owó ń wọlé. Tony George, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ló ni pápá Indianapolis nígbà náà, ní inú òun kò dùn. Ó ní ìgboro ti pọ̀ jù, àlejò láti òkè òkun ti pọ̀ jù, owó tí wọ́n ń ná ti pọ̀ jù. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Indy Racing League, ó ní òbìrìkìtì nìkan ni wọn yóò máa sá. Ó tún ní nínú ipò 33 tó wà ní Indianapolis, 25 ti di ti àwọn tó bá bá òun sá ìyókù. CART fi ìbínú gbé ìkòkò ọbẹ̀ tiwọn jáde. Ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, wọ́n ní àwọn náà ń sá máìlì 500 ní Michigan. Níbo ní Michigan? Lórí òbìrìkìtì! Àwọn tí wọ́n ní kò fẹ́ràn òbìrìkìtì wá lọ jà fún ẹ̀tọ́ wọn lórí òbìrìkìtì. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ayé pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ògidì awakọ̀ wà. Kí wọ́n tó ta àsíá ìbẹ̀rẹ̀, ògidì awakọ̀ ti gbá ara wọn, nǹkan bí ọkọ̀ 12 ló dàrú mọ́ra níwájú ibi tí èrò jókòó sí. Wọ́n tún lọ gbé ọkọ̀ míì wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀. Jimmy Vasser ló jẹ ẹ́. Ní Indianapolis lọ́jọ́ kan náà, Buddy Lazier ló borí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń ro ó láti inú ìjàǹbá kan tó ṣe ní oṣù Kẹta.

Ẹgbẹ́ ọlọ́wọ́-òsì yìí, ìdíje mẹ́ta ni wọ́n sá ní sáà àkọ́kọ́ wọn. Mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ka máàkì tán, Buzz Calkins àti Scott Sharp gba iye kan náà. Wọ́n wá ìwé òfin, kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa ohun tí a ń ṣe bí èèyàn méjì bá dọ́gba. Wọ́n bá sọ àwọn méjèèjì di ọba. Ẹ wá gbọ́ ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní Texas, wọ́n sá ìdíje tán, wọ́n ní Billy Boat, ọmọ ẹgbẹ́ A. J. Foyt, ló borí. Inú Baba Foyt dùn, wọ́n gba ife. Arie Luyendyk bá wá síbi àjọyọ̀, ó ní ẹ̀yin, èmi ni mo borí o, ẹ kò ka ìyípo mi pé. Foyt, ẹni tó ti gba ìdíje Indianapolis lẹ́ẹ̀mẹ́rin, gbá a létí, ó sì ṣubú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún un kà. Luyendyk ló borí ní tòótọ́. Foyt kò dá ife padà.

Ẹ bá mi wò ó. Òbìrìkìtì ni o. Ojú kan náà ni wọ́n ń gbà kọjá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni kí èèyàn máa ka “ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta”, wọ́n ṣì ṣì í kà.

CART náà kò gbẹ́yìn nínú ẹ̀sín. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, wọ́n lọ sí òbìrìkìtì Texas yẹn kan náà, kọ́nà rẹ̀ dagun tó ìwọ̀n 24, eré wọn lé ní máìlì 230. Nígbà tí wọ́n sá ìdánwò tán, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ń di nǹkan mú kí wọ́n tó lè dúró. Òòyì ń kọ́ wọn. Dókítà wọn, Steve Olvey, ní ìwúwo tó ń tẹ ara wọn nínú kọ́nà ti ju ohun tí ọpọlọ lè gbà lọ, kò sí bí wọ́n ṣe lè sá a fún wákàtí méjì kí èèyàn má dákú. Wákàtí díẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fagi lé e, èrò ti wà lórí ìjókòó, búrẹ́dì ti wà lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dún 2000 ni ọmọ CART kan, Juan Pablo Montoya láti Colombia, ti kọ́kọ́ wọ ilé Tony George wá. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Indianapolis nìyẹn. Ó ṣíwájú ní ìyípo 167 nínú 200, ó mu mílíìkì tí wọ́n ń fún ẹni tó bá borí níbẹ̀, ó sì kí wọn pé ó dàbọ̀. Láti ìgbà náà ni ilé CART ti ń tú. Ẹgbẹ́ Penske kó jáde lọ́dún 2002, ẹgbẹ́ Ganassi tẹ̀ lé e lọ́dún 2003. Ta ni wọ́n fi ṣe olórí láti gbà wọ́n là? Chris Pook, baba ìgboro Long Beach gan-an! Kó tó di pé ọdún 2003 parí, owó ti tán. Àwọn kan rà á, wọ́n sọ ọ́ ní Champ Car. Nígbà tó fi máa di ọdún 2007, wọn kò sá òbìrìkìtì kankan mọ́, ìgboro àti kọ́lọkọ̀lọ nìkan ló kù lórí kàlẹ́ńdà wọn. Ọdún kan péré ló kù fún wọn láyé.

Àwọn ọlọ́wọ́-òsì ń kọ́? Lọ́dún 2005, àwọn náà ti yọ́ wọ ìgboro St. Petersburg bí ọkọ ìyàwó tó ń yọ́ lọ sílé ọbẹ̀ tó ti búra pé òun kò ní jẹ mọ́. Lọ́dún 2008, ẹgbẹ́ méjèèjì tó ku egungun àti awọ padà di ọ̀kan. Ọdún 12 ni wọ́n fi jà lórí ọwọ́ tó dára jù. Mo mọ òwe tí ẹ ń retí kí n pa níbí, èyí tí ọwọ́ méjèèjì fi ń wẹ ara wọn. N kò ní pa á. Ẹni tí kò fẹ́ wẹ̀, kí ló kan òwe?

Àwọn tó ń rìn láàárín ìdílé méjèèjì ni mo máa ń káàánú jù. Fernando Alonso gba adé Formula One lẹ́ẹ̀mejì, ó wá sí Indianapolis lọ́dún 2017, ó ṣíwájú wọn, ẹ́ńjìnnì bá jó. Ó padà wá lọ́dún 2019 pẹ̀lú McLaren. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán ọkọ̀ wò, wọn kò tíì ní ṣítíárìn. Wọ́n kun ọkọ̀ kejì, ọsàn tí wọ́n fi kùn ún kì í ṣe ọsàn tí wọ́n fẹ́, wọ́n tún un kùn. Wọ́n fẹ́ sọ ìnṣì di ìwọ̀n ti mítà, wọ́n ṣì í ṣírò. Ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Juncos, tí Kyle Kaiser ń wa ọkọ̀ wọn, gba ipò tó kù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀gá ayé jókòó sílé. Ó lè yà sí ọ̀tún, ó lè yà sí òsì, ó gun Monaco, ṣùgbọ́n òsì mẹ́rin péré kò jẹ́ kó wọlé.

Kó má sì jẹ́ pé Alonso nìkan ni mo bú. Nígbà tí Formula One wá sí Indianapolis lọ́dún 2005, kọ́nà òbìrìkìtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún ọ̀nà wọn. Táyà Michelin kò lè gba kọ́nà kan yẹn. Ọkọ̀ 14 yí po lẹ́ẹ̀kan láti fi ara hàn, wọ́n sì yà wọ ilé. Mẹ́fà ló sá ìdíje náà níwájú èrò rẹpẹtẹ tó sanwó. Jimmie Johnson rìn ín láti ìhà kejì: adé méje ló ní nínú ìdíje NASCAR, òbìrìkìtì ló sọ ọ́ di olókìkí. Ó wá sí IndyCar lọ́dún 2021, ó ní ìgboro àti kọ́lọkọ̀lọ ni òun fẹ́. Ẹ̀yìn ló wà ṣáá. Ó gun òbìrìkìtì Iowa lọ́dún 2022, ó bọ́ sí ipò karùn-ún, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó délé. Nigel Mansell nìkan ló dójú ti gbogbo wa: ó fi adé Formula One sílẹ̀ wá lọ́dún 1993, ó kọ lu ògiri òbìrìkìtì Phoenix nígbà ìdánwò, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó sì gba òbìrìkìtì mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ó gba adé.

Will Power ń kọ́? Ọmọ Australia, ọba ìgboro. Lọ́dún 2010, IndyCar ṣe ife méjì kí ìjà lè rọlẹ̀: ife Mario Andretti fún ẹni tó mọ ọ̀nà onígun sá jù, ife A. J. Foyt fún ẹni tó mọ òbìrìkìtì jù. (Mo gbàdúrà pé kì í ṣe Foyt fúnra rẹ̀ ló ń fà á léni lọ́wọ́.) Power gba ti Andretti wọ́ọ́rọ́wọ́. Adé ńlá wá ku ìdíje kan, òun ló wà níwájú, òbìrìkìtì ni ìdíje ọ̀hún, ní Homestead. Ó fi ara gbá ògiri. Dario Franchitti gba adé pẹ̀lú máàkì márùn-ún. Lọ́dún 2012 ẹ̀wẹ̀, ó tún ń ṣíwájú, òbìrìkìtì ló tún kù, ní Fontana. Ògiri ló tún gbà á lálejò. Nígbà tó wá gba Indianapolis lọ́dún 2018, igbe tó ké nínú àṣíborí rẹ̀ kì í ṣe igbe ayọ̀ nìkan. Igbe ẹni tí onígbèsè ìgbà pípẹ́ san owó fún ni.

Kì í ṣe Power nìkan ni ògiri ń gbà lálejò. Ní Indianapolis lọ́dún 2011, J. R. Hildebrand ló ń ṣíwájú. Ó ti yà sí òsì ní ìgbà 799 láìsí wàhálà. Ti ìgbà 800 ló kù. Ó bá ọkọ̀ tó ń rọra lọ pàdé, ó gba ìta, ó sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọkọ̀ rẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ lọ sí òpin, ṣùgbọ́n Dan Wheldon ti kọjá lára rẹ̀.

Níbí ni màá ti dá ẹ̀fẹ̀ dúró díẹ̀. Wheldon yẹn ni ẹni tó gba ìdíje ìgboro àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Tony George sá, ní St. Petersburg lọ́dún 2005, ó sì gba Indianapolis àti adé lọ́dún kan náà. Ọwọ́ méjèèjì ló pé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ní òbìrìkìtì Las Vegas, ọkọ̀ 34 ló ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dàrú mọ́ra, Wheldon sì kú níbẹ̀. Ẹni ọdún 33 ni. Wọn kò parí ìdíje náà. Àwọn awakọ̀ tó kù yí pápá lẹ́ẹ̀márùn-ún ní jẹ́jẹ́ láti fi bu ọlá fún un. IndyCar kò padà síbẹ̀ mọ́. Ní St. Petersburg, apá kan ọ̀nà tí ìdíje ń gbà ti di Dan Wheldon Way. Ẹni tó bá ń béèrè pé kí òbìrìkìtì pọ̀ sí i, tí kò bá lè dárúkọ ọkùnrin yìí pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kó má bá mi jiyàn.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí mílíìkì.

Ẹ̀yin Ará Òbìrìkìtì, ẹ̀yin lẹ fi mílíìkì ṣe ọtí ìṣẹ́gun. Louis Meyer ló mu ún lọ́dún 1936, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ bá sọ ọ́ di ààtò. Nígbà tí Emerson Fittipaldi, ọmọ Brazil, borí lọ́dún 1993, omi ọsàn ló kọ́kọ́ gbé sẹ́nu, torí ó ní oko ọsàn nílé. Ẹ hó lé e lórí bí ẹni tó mu tùràrí nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àlejò tó ta yín yọ jù lọ ni Alex Palou, ọmọ Spain. Ó gba adé lọ́dún 2021, ó gbà á lọ́dún 2023, ó gbà á lọ́dún 2024, kò sì gba òbìrìkìtì kankan nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi jẹun, ó yó, ẹ kò rí i bá wí. Ẹ ní adé ìgboro ni, kì í ṣe adé gidi. Ó dé Indianapolis ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Marcus Ericsson ló wà níwájú, Ericsson tó fò ní Nashville yẹn náà. Ó ku ìyípo 14 kí ìdíje parí ni Palou kọjá lára rẹ̀, kò sì wo ẹ̀yìn mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ Spain máa gbà á. Wọ́n gbé ìgò mílíìkì fún un. Mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n láti wo ọwọ́ tó fi gbà á, iná lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, gbogbo wọn ti kó lọ sí ìgboro Detroit. Ìyá ìyàwó mi ṣì wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n tún jókòó tì mí. Ọkọ̀ kan gbá Palou lẹ́yìn nínú kọ́nà àkọ́kọ́, ó sì wọ inú òkìtì táyà lọ gbáà. Mílíìkì ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò tíì dà tán nínú rẹ̀. Mọ́mì wò ó bó ṣe jókòó sáàárín àwọn táyà yẹn, wọ́n mi orí.

“Bàbá Ìbejì,” wọ́n ní, “ó jọ pé ibí yìí ni wọ́n gbàgbé ẹ̀ sí.”